Ọwọ́ Náà Ní Ọrùn: Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Irun Dídì

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù, nítorí náà bí ẹ bá rí ibi tí mo ti ṣi lẹ́tà tẹ̀, ẹ fojú fò ó. Ẹ̀yin onídìrí ni mo ń bá wí, àti ẹ̀yin télọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ kọ̀ǹpútà látàárọ̀ dalẹ́, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ jẹun tí ẹ ò sì bi ara yín léèrè rí pé báwo ni mo ṣe ń gbé ọwọ́ ọ̀hún. Mi ò kàwé púpọ̀. Mo ka ìwé mẹ́wàá, mo sì bá iṣẹ́ ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n dókítà ti ṣàlàyé ohun tó ṣe mí yìí fún mi, ara mi sì ti kọ́ mi ní èyí tó kù. Bí ẹnì kan péré nínú yín bá tètè gbéra lọ sí ọsibítù nítorí ohun tí mo kọ, inú mi á dùn díẹ̀. Díẹ̀ ni mo sọ o. Inú mi kì í dùn púpọ̀ mọ́.

Sìkírátù ni orúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Mọ́ríámọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Ọ̀fà ni mo ń gbé, ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìjàgbò sì ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti máa ń dúró pe èrò. Bí ẹ bá bèèrè onídìrí tí ọwọ́ ẹ̀ yá jù lójú ọ̀nà yẹn nígbà kan, èmi ni wọ́n á júwe fún yín. Mi ò fọ́nnu. Ẹni tí nǹkan ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kì í fọ́nnu.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í dìrun lórí ìdúró. Á jókòó sórí àga, oníbàárà á jókòó sórí àpótí kúkurú sáàárín orúnkún ẹ̀, orí onítọ̀hún á wà nísàlẹ̀ àyà ọ̀gá mi, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀gá mi á sì sinmi lé itan ẹ̀. Àwa ọmọṣẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn, a ní ó ń dìrun bí ìyá àgbà. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣiṣẹ́ náà, mi ò sì gbọ́ ọ rí kó ní ọwọ́ ń dun òun. Ṣùgbọ́n ta ló ń wo ìyẹn nígbà náà? Nígbà tí mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù tán, mo ní tèmi ò ní rí bẹ́ẹ̀, ọ̀làjú ti dé. Mo ra àga ńlá kan, tòkunbọ̀ ni, irú èyí tó máa ń yí, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kó lè lọ sókè sódò. Ohun tí ẹni tó tà á fún mi ò sọ ni pé kò lè lọ sódò mọ́. Ó ti gan sókè. Mo tẹ̀ ẹ́ títí, mo gbá a nípàá, ó kọ̀. Mo ní kí ló kàn mí, ṣebí oníbàárà ló ń jókòó níbẹ̀, èmi kọ́. Àwọn oníbàárà sì fẹ́ràn ẹ̀. Bí wọ́n bá ti gorí ẹ̀, wọ́n á máa wo ara wọn nínú jígí, wọ́n á máa wo títì, wọ́n á máa ṣe bí ìyàwó gómìnà.

Èmi sì rèé, mo kúrú. Bí oníbàárà bá ti jókòó, àtàrí ẹ̀ á bá mi nímú. Kí n tó lè rí ibi tí mo ń pín irun sí, àfi kí n gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì sókè bí adìẹ tó fẹ́ gbọn ìyẹ́, kí n sì wá tẹ ọwọ́ wálẹ̀ kí ìka lè kan irun. Bẹ́ẹ̀ ni màá wà láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí tí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Èjìká máa ń ro mí, ọrùn máa ń ro mí, mo sì gbà pé bí iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn.

Ìgbà tí Iléyá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì ló bẹ̀rẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí yún mi. Mo họ ọ́, kò lọ. Yíyún náà kò sí lójú awọ, inú lọ́hùn-ún ló wà. Mo bú sẹ́rìn-ín, mo ní, “Ẹ̀yin ará mi, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún ń yún mi o!”

Oníbàárà tó wà lórí àga ní, “Háà! Owó ńlá ń bọ̀ nìyẹn. Má gbàgbé wa tó bá dé o.”

Ẹ ò rí àwa Yorùbá. Ta ni àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún yún rí tí kò dúpẹ́? Mo fẹnu ko ọwọ́ náà, mo ní àmín. Owó sì wọlé lóòótọ́, nítorí ọdún ń bọ̀, ta ni kò ní dìrun ọdún? Ìyẹn ló wá fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀ lọ́kàn mi. Oṣù mẹ́rin gbáko ni àìsàn fi ń kanlẹ̀kùn lára mi, tí èmi ń ṣe àmín sí i.

Lẹ́yìn yíyún, ọwọ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí kú tipiri. Àtàǹpàkò, ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín ni ó mú. Ìka tó kéré jù kò ṣe é rárá, mi ò sì mọ ìdí ẹ̀ nígbà náà. Bí mo bá sùn, ìrora á jí mi, á máa ta mí bí ẹni pé wọ́n ń gún mi lábẹ́rẹ́, màá jókòó, màá máa gbọn ọwọ́. Ọkọ mi, Bàbá Mọ́ríámọ̀, tí ó jẹ́ tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìjàgbò, á ní, “Kí ló tún dé?” Màá ní mo sùn lé ọwọ́ ni. Irọ́ ni. Mi ò sùn lé e. Ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ ọ́ jáde, nítorí ohun tí èèyàn bá sọ jáde ti di òótọ́ nìyẹn.

Nǹkan wá bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ lọ́wọ́ mi. Kóòmù á bọ́, ṣíbí á bọ́, ife tíì á bọ́. Mi ò lè de bọ́tìnnì aṣọ ara mi mọ́. Ó ti di pé bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá kóòmù wà lọ́wọ́ mi, àfi kí n wò ó. Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ ò lè mọ bí ìyẹn ṣe ń ba èèyàn lẹ́rù tó.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo dìrun fún Mọ́mì Tíṣà tán. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá yìí, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó sì máa ń wá tún orí ṣe kó tó di ọjọ́ Àìkú. Ó ti bọ́ gíláàsì ojú ẹ̀ sórí tábìlì kí n lè ráyè dìrun etí. Mo mú un láti fi fún un, ó bọ́ sílẹ̀. Mo he é, ó tún bọ́. Ara mi ti ń gbóná, mi ò ronú, mo fi ọwọ́ òsì mú un, mo nà án sí i.

Ìyá wò mí, ó wo ọwọ́ mi. “Ìyá Mọ́ríámọ̀. Èmi? Ọwọ́ òsì?”

Orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀. “Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ fi orí jì mí. Ọwọ́ ọ̀tún ló kọ̀ mí.”

“Ó kọ̀ ẹ́ báwo?”

Ó ní kí n dìde, ó gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí itan ẹ̀. Ó fi ìka tẹ ìdí àtàǹpàkò mi. “Wò ó bí ibí yìí ṣe rù ju ti èkejì lọ. Láti ìgbà wo?”

“Ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́fà, mà.”

“Oṣù mẹ́fà, o ò lọ sí ọsibítù? Ṣé orí ẹ pé ṣá, ọmọ yìí?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ìtìjú ló mú mi rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń lọ sílé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo sunkún lórí ọ̀kadà.

Ṣùgbọ́n ọsibítù kọ́ ni mo kọ́kọ́ lọ. Agbo ilé kan náà ni èmi àti Alhaja, ìyá ọkọ mi, jọ ń gbé. Alhaja fẹ́ràn mi, kí n sọ òótọ́. Láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ọmọ ẹ̀, kò jẹ́ kí onídìrí mìíràn fọwọ́ kan orí òun. Nígbà tí mo sọ fún un, ó gba ọwọ́ mi, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó ní, “Ta ló bọ̀ ẹ́ lọ́wọ́?”

“Èèyàn pọ̀ tó ń bọ̀ mí lọ́wọ́, Alhaja.”

“Rántí dáadáa. Ọwọ́ èèyàn kì í ṣàdédé kú. Ìsọmọlórúkọ tí o lọ ní Ìlémọnà ńkọ́?”

Mo ronú títí, mo rántí pé onídìrí ẹlẹgbẹ́ mi kan bọ̀ mí lọ́wọ́ níbẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó fi mí sílẹ̀. Bí mo ṣe dẹ́kun kíkí obìnrin yẹn nìyẹn. Oṣù mélòó kan ni mo fi ń wò ó bí ọ̀tá, aláìṣẹ̀ ni. Mo ti lọ bẹ̀ ẹ́ nísinsìnyí, ó sì ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n kì í yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Mi ò bá a wí.

Áfà kan kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sójú wàláà fún mi, wọ́n fọ̀ ọ́, mo mu omi ẹ̀ fún ọjọ́ méje. Wọ́n fi òrí àti àdí ra ọwọ́ náà tí gbogbo aṣọ mi fi ń rùn. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lẹ́yìn ọwọ́. Nígbà tí kò gbọ́, Alhaja mú mi lọ sọ́dọ̀ bàbá kan tó ń to egungun ní ọ̀nà Òjòkú. Bàbá náà ní egungun ló yẹ̀. Ó ní kí èèyàn méjì dì mí mú, ó fa ọwọ́ náà títí mo fi ké orúkọ ìyá mi tó ti kú. Lẹ́yìn náà ló tẹ ọwọ́ mi sínú, ó fi igi tín-ín-rín àti aṣọ dì í bó ṣe tẹ̀ yẹn, ó ní mi ò gbọdọ̀ tú u fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ó túmọ̀ sí, ẹ tẹ ọwọ́ yín sínú báyìí kí ẹ má sì nà án. Ẹ ka ìpínrọ̀ méjì nínú ọ̀rọ̀ mi yìí kí ẹ tó nà án. Èmi fi ọjọ́ mọ́kànlélógún wà bẹ́ẹ̀, lójú oorun, lójú oúnjẹ, lórí ìrun. Nígbà tí wọ́n tú u, mi ò mọ̀ bóyá ìka mi ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ sí ọsibítù ìjọba. Mo kúrò nílé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, mo sì bá èèyàn tó lé lógójì níwájú mi. Oòrùn là bá wa lórí bẹ́ǹṣì, oòrùn fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ kó tó kàn mí. Ó ti rẹ dókítà tó wà níbẹ̀, ojú ẹ̀ ti pọ́n. Ó ní, “Kí ló ń ṣe yín?” Mo ní, “Ọwọ́ ń dùn mí.” Ó kọ oògùn ìrora, ó ní kí n dín iṣẹ́ kù, ó pe ẹni tó kàn. Mi ò bú u. Èmi náà mọ bí ó ṣe máa ń rí bí èrò bá kún ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n oògùn yẹn ṣe mí níbi tí kò dáa: ó pa ìrora, mo sì ń dìrun lọ. Oṣù méjì ni mo fi ń gbé oògùn mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, títí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí ta mí.

Mọ́mì Tíṣà ló tún fà mí padà lọ. Ó ní òun máa bá mi jókòó lórí ìlà náà fúnra òun, kí n má baà sá. Lọ́jọ́ yẹn a bá dókítà mìíràn, ọ̀dọ́mọkùnrin tó rù. Mo tún sọ ọ̀rọ̀ mi bí mo ṣe ń sọ ọ́.

“Ọwọ́ ń dùn mí, Dókítà.”

“Mummy, ọwọ́ níbo?”

“Ọwọ́ ọ̀tún.”

“Mo ti rí i pé ọ̀tún ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú èdè wa, láti èjìká títí dé èékánná, ọwọ́ la ń pe gbogbo ẹ̀? Ẹ fi ìka kan ṣoṣo tọ́ka sí i fún mi.”

Mo tọ́ka sí ìka mẹ́ta. Ó bi mí nípa iṣẹ́ mi. Nígbà tí mo ní onídìrí ni mí, ó dìde, ó lọ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì gíga tí wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò, ó dẹ orí ẹ̀ sí mi. “Ẹ wá dì mí nírun.”

Nọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín, nítorí kò sí irun lórí ọkùnrin náà tí èèyàn lè dì. Mọ́mì Tíṣà ní, “Ṣe ohun tí wọ́n ní kí o ṣe.” Mo dúró, mo gbé ọwọ́ sókè bí mo ṣe máa ń gbé e nídìí àga mi.

“Ẹ dúró bẹ́ẹ̀. Ẹ má mira.”

A dúró. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ìka mi ti bẹ̀rẹ̀ sí ta mí ṣín-ín ṣín-ín. Mo sọ fún un. Ó mi orí, ó fi ìka kan ibi tí ọwọ́ mi ti tẹ̀. “Kí là ń pe ibí yìí?”

“Ọrùn ọwọ́.”

“Ọrùn ni. Àwọn baba wa mọ ìdí tí wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ìka mẹ́ta yẹn, inú ọrùn yìí ló ń gbà kọjá, àyè ibẹ̀ kò sì fẹ̀. Bí ẹ bá ti gbé ìgbọ̀nwọ́ sókè báyìí, kò sí bí ọrùn ọwọ́ ò ṣe ní tẹ̀. Bó bá sì tẹ̀, àyè á há. Bí mo bá di ọrùn tiyín mú fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́, ṣé ẹ ó lè mí? Mummy, ẹ ti ń fún ọwọ́ yín lọ́rùn láti ọdún mọ́kànlá.”

Mo bú sẹ́kún. Mi ò sunkún nítorí ìrora. Mo sunkún nítorí pé kò sí ẹni tó bọ̀ mí lọ́wọ́ láti ṣe mí ní ibi, kò sí egungun tó yẹ̀, èmi fúnra mi ni, èmi àti àga tí mo fi ń ṣe fáàrí.

Ó ní ó ti kọjá oògùn, kí n lọ sí Ìlọrin kí wọ́n là á, kí wọ́n lè fún un láyè. Ó ní kí n má jẹ́ kó pẹ́, nítorí ẹran ìdí àtàǹpàkò mi ti ń yọ́, èyí tó bá sì ti yọ́ tán kì í sábà padà. Ó fún mi ní nǹkan kan tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ kó má baà tẹ̀. Ó ní kí n fi àga yẹn sílẹ̀, kí n máa jókòó, kí orí oníbàárà wà nísàlẹ̀, kí ìgbọ̀nwọ́ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà mi. Ohun tí ọ̀gá mi ń ṣe láti ọgbọ̀n ọdún ló ń sọ.

Mo délé, mo sọ fún wọn. Alhaja dìde dúró. “Ọ̀bẹ? Sí ọwọ́? Ọwọ́ tí Ọlọ́run dá ní pípé, wọn ò ní là á lójú tèmi. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ ìyàwó mi di ọlọ́wọ́ kan ni?”

Mo wo ọkọ mi. Ó wo ilẹ̀. Ó ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó ná.”

Ká ṣì máa wò ó ná! Ẹ̀yin ọkọ tí ẹ ń ka èyí, bí ìyàwó yín bá ń ṣàìsàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má máa wò ó. Oṣù mẹ́sàn-án ni a fi wò ó. Ṣùgbọ́n mi ò lè di gbogbo ẹ̀bi ru Alhaja àti ọmọ ẹ̀. Ojú ara mi ni mo fi ń wo ìdí àtàǹpàkò mi bó ṣe ń jìn bí ihò. Ọ̀bẹ ń ba èmi náà lẹ́rù. Nǹkan tí dókítà fún mi, mo bọ́ ọ kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, nítorí àwọn oníbàárà ń bi mí pé kí ló ṣe mí, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n gbé orí wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Àga náà, mi ò fi í sílẹ̀. Mo ní wọ́n á ní mo ti di ìyá àgbà. Ìwà òmùgọ̀ pọ̀ lọ́wọ́ èèyàn tí ẹ̀rù bá ń bà.

Ọjọ́ tí ó dé góńgó ni mo fẹ́ sọ yìí. Bí a bá fi àtáṣímẹ́ǹtì dìrun tán, a máa ń ti ẹnu irun náà bọ omi gbígbóná kó má baà tú. Mo gbé omi kalẹ̀, omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó ni, mo kó irun oníbàárà jọ, mo tì í bọ̀ ọ́. Obìnrin náà ń wò mí nínú jígí. Ó kígbe, “Ìyá Mọ́ríámọ̀, ọwọ́ yín! Ọwọ́ yín wà nínú omi!”

Mo wo ilẹ̀. Ìka mi wà nínú omi náà lóòótọ́, títí dé oríkèé kejì. Èéfín ń rú lára omi. Mi ò mọ nǹkan kan.

Wọ́n gbé mi délé pẹ̀lú awọ tó ti ń bó. Alhaja wà lójúde, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó rí ìka náà, àtẹ ẹ̀wà sì bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní, “Kò dùn ẹ́?” Mo ní kò dùn mí. Ó ní, “Kò dùn ẹ́ rárá?” Nígbà tí mo mi orí, ìyá arúgbó yẹn fi ìdí lélẹ̀ sínú ẹ̀wà, ó fi ọwọ́ lérí. Lọ́sẹ̀ yẹn ló ta àgbò tó ń sìn de Iléyá, kí owó lè wà tí wọ́n á fi là á. Òun fúnra ẹ̀ ló di ẹrù mi.

Kí ojú iná tó jinná, oṣù kan ààbọ̀ mìíràn ti lọ. Ní Ìlọrin, wọn ò kùn mí lóorun. Apá nìkan ni wọ́n gún lábẹ́rẹ́ kó má baà mọ ìrora, mo sì ń gbọ́ bí àwọn irin ṣe ń dún nínú abọ́. Mo fi ojú sí òrùlé, mo ń ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀. Kò pẹ́ bí ẹni dì ṣùkú kan. Ohun tí mo fi oṣù mẹ́sàn-án sá fún, kò pẹ́ rárá. Dókítà tó là á, obìnrin àgbà kan, bọ́ ìbọ̀wọ́ ẹ̀, ó jókòó tì mí. Ó ní, “Ìrora òru yẹn máa lọ. Ìmọ̀lára lè padà díẹ̀díẹ̀. Agbára ni mi ò lè ṣèlérí. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó wá.” Kò jágbe mọ́ mi. Ì bá jágbe mọ́ mi.

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Mo dúpẹ́ pé mo ń sùn. Mo tún ń mọ omi gbígbóná yàtọ̀ sí tútù. Ṣùgbọ́n ẹran tó yọ́ kò padà. Àtàǹpàkò mi kò lè kan ìka tó kéré jù. Mi ò lè ṣí ìdérí ìgò, mi ò lè fún aṣọ tí mo fọ̀. Òkèlè ṣì ń bọ́ lọ́wọ́ mi níwájú àlejò. Ọwọ́ òsì, tó ti ń ṣe iṣẹ́ méjì, náà ti bẹ̀rẹ̀ sí yún. Lọ́tẹ̀ yìí mi ò ṣe àmín, ọjọ́ kejì ẹ̀ ni mo lọ sí ọsibítù. Ìpara àti àtáṣímẹ́ǹtì ni mo ń tà ní ṣọ́ọ̀bù báyìí. Àga ńlá yẹn, ẹnì kan fẹ́ rà á, mo kọ̀, mo ní kí wẹ́dà gé e sí wẹ́wẹ́. Mi ò lè ta májèlé fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹ gbọ́ o. Bí ọwọ́ yín bá ń yún yín nínú, tí ó ń kú, tí ó ń jí yín lójú oorun, kì í ṣe owó ló ń bọ̀. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń gbé apá yín nídìí iṣẹ́. Kí ìgbọ̀nwọ́ sún mọ́ ìhà, kí èjìká wálẹ̀, kí ọwọ́ nà gbọọrọ láti ìgbọ̀nwọ́ dé ìka, bí ìgbà tí ẹ fẹ́ bọ èèyàn lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ bá ga jù, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, tàbí kí ẹ̀yin gun nǹkan. Bí ó bá rẹlẹ̀ jù, ẹ gbé e ga. Ẹ máa sinmi kí ó tó dùn yín, kì í ṣe ìgbà tó bá dùn yín tán. Ẹ̀yin tí ẹ ń dùbúlẹ̀ tẹ fóònù pẹ̀lú ọwọ́ títẹ̀, ẹ̀yin náà ni mo ń bá wí. Bí wọ́n bá sì ní kí wọ́n là á, ẹ jẹ́ kí wọ́n là á nígbà tí ẹran ṣì wà níbẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Alhaja wọ yàrá mi pẹ̀lú kóòmù lọ́wọ́. Láti ìgbà tí mo ti dẹ́kun irun dídì, kò lọ sọ́dọ̀ onídìrí kankan. Ìbòrí ló fi ń bo orí ẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ níwájú mi, ó ṣí orí, gbogbo irun náà ti funfun, ó ti ta kókó. Ó ní, “Ìyàwó mi, bá mi dì í. Pátẹ́wọ́ lásán ni.”

Mo ní, “Alhaja, ẹ mọ̀ pé mi ò lè ṣe é.”

“Dì í bó bá ṣe rí.”

Mo pín irun náà. Ó gbà mí tó ìgbà tí mo fi ń dìrun odindi orí tẹ́lẹ̀. Kóòmù bọ́, ó mú un fún mi láìwẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ ìlà àkọ́kọ́, mo sì ń fi ojú ṣọ́ ìka mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Alhaja ní, “Fà á le. O ń rọra ṣe é jù. Kì í ṣe orí ọmọ tuntun.”

Mo ní, “Alhaja, bí agbára mi ṣe mọ nìyẹn.”

Ó tẹ orí ẹ̀ wálẹ̀ sí i kí n lè rí i dáadáa, mo sì rí i tí èjìká ẹ̀ ń gbọ̀n. Mi ò ní kó má sunkún. Mo ń bá irun náà lọ.